Abẹ̀bẹ̀ Tó Ti Bétérou Dé

Obìnrin tó ti ilé ọkọ padà sílé baba rẹ̀ mọ bí ẹrù ṣe ń wúwo ju alábàárù lọ. Nígbà tó ń lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló bá a rù ú, orin ni wọ́n sì ń kọ lọ. Nígbà tó ń bọ̀, òun nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Kaoussara, aránṣọ tí ilé baba rẹ̀ wà lẹ́bàá ojú irin rélùwéè ní Tchaourou. Ó bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Bétérou títí, ọmọ kò dé, àwọn ará ilé ọkọ sì ní kó máa lọ sílé. Ẹ̀yìn alùpùpù akérò zém kan ṣoṣo ló di gbogbo ohun tó ní sí. Níbi tí ọ̀nà ti burú láàárín oko iṣu, abẹ̀bẹ̀ oníná rẹ̀ já bọ́, ó fi ọrùn gúnlẹ̀.

Baba rẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà. Kò bi í ní ohunkóhun. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wo abẹ̀bẹ̀, ó ní, "Gbé e wá ká wò ó." Bàbá yìí kì í ṣe oníṣẹ́ iná o, àgbẹ̀ ni. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í jẹ́ kí ohun ilé rẹ̀ kú láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tú u wò. Àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní, wọ́n tú abẹ̀bẹ̀, wọ́n sì rí i pé eyín kan ti kán lára kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré tó ń yí ọrùn rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Kaoussara mú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ti kán, baba fi iná mú un gbóná, wọ́n tì í bọ inú ike kẹ̀kẹ́ náà kó máa ṣe eyín.

"Kò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́," ni baba wí. "Ṣùgbọ́n á fẹ́ atẹ́gùn."

Láti ọjọ́ náà, bí abẹ̀bẹ̀ bá yí orí dé ọ̀dọ̀ fèrèsé, á dúró díẹ̀, á dún "kọ́," kó tó yí padà. Nígbà tí òjò ọdún náà dá, baba kú. Ìyá ti lọ ṣáájú. Ó wá ku Kaoussara nìkan nínú ilé, pẹ̀lú "kọ́" tó ń dún látàárọ̀ dalẹ́.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò fi ra tuntun. Àwọn aládùúgbò bi í títí ó fi sú wọn. Bí okùn iná ayọ́ọ̀nù bá já, á bó o, á lọ́ ọ pọ̀, á sì wé e. Bí rédíò bá dákẹ́, á tú u, á fi búrọ́ọ̀ṣì nu ekuru inú rẹ̀, á wá okùn tó ti tú nínú rẹ̀, á sì fi òjé jó o padà. Kò ṣe é fún ẹlòmíràn, ohun ilé ara rẹ̀ nìkan ló ń tún. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni: ní Bétérou, kò sí ẹni tó jókòó tì í kó wò ó pé kí ló ń ṣe é. Wọ́n kàn ní ó ti bàjẹ́ ni. Òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí nǹkan, ì báà jẹ́ ike.

Ìgbà kajú ni Wassiou kọ́kọ́ wọlé, nígbà tí ooru máa ń mú títí ajá ò ní lè gbó. Oko kajú rẹ̀ wà ní Goro, ilé ìyá rẹ̀ tó ń gbé sì wà ní apá kejì Tchaourou. Ó gbé aṣọ wá kí wọ́n fi rán ṣòkòtò fún un. Ó bá obìnrin kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ti tú ayọ́ọ̀nù kalẹ̀, tó fi eyín di tournevis tó fi ń tú ìdè mú. Ó yí padà bí ẹni fẹ́ jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá aránṣọ."

"Èmi náà ni. Ẹ jókòó síwájú ventilateur yẹn, mo fẹ́ parí."

Ó jókòó. Abẹ̀bẹ̀ yí dé ọ̀dọ̀ fèrèsé, ó dún. Wassiou béèrè ohun tó ń sọ. Kaoussara ní ó ń kí àlejò ni, nítorí kì í rí wọn déédéé. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó kún yàrá, Kaoussara sì gbé ojú sókè. Láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti kú, ọkùnrin kankan kò tíì rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn.

Ṣòkòtò parí, ó wá gbà á. Lẹ́yìn náà ni bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Lónìí, bọ́tìnnì ọrùn. Bó bá tún dé láti Goro, bọ́tìnnì ọwọ́. Kaoussara yẹ okùn rẹ̀ wò, ó rí i pé ó mọ́ tónítóní lẹ́nu. Abẹ ló gé e. Ó gán an, ó fa okùn rẹ̀ le títí ó fi gbà pé ọkùnrin tó bá fẹ́ gé èyí á jìyà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn sì ń gùn sí i. Wassiou a máa sọ nípa oko, nípa àwọn tó ń ra kajú tí wọ́n ń fi ojú di àgbẹ̀. Kaoussara a máa sọ nípa baba rẹ̀. Bí Wassiou bá ti lọ sí Goro, gbogbo zém tó bá kọjá lójú ọ̀nà ló ń mú kó gbé orí kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, lẹ́yìn náà ojú á tì í.

Ìfẹ́ ni. Òun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí kòkòrò, á sá. Ó rò ó pé ọkùnrin yìí ń wo òun bí òun ṣe ń tún nǹkan ṣe, ó sì dùn mọ́ ọn. Kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tó bá jẹ́ pé òun ni ohun tó nílò àtúnṣe? Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ Bétérou fún un, láìfi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní bó bá jẹ́ ọmọ ló ń wá, kó má gé bọ́tìnnì mọ́.

Wassiou wo ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín ìtìjú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi náà, ìyàwó mi fi mí sílẹ̀, ó kó àwọn ọmọ lọ sí Savè. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló bàjẹ́ lára tèmi. Donc, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ká jọ máa wò ó."

Ká jọ máa wò ó. Ọ̀rọ̀ baba rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kaoussara wọ yàrá lọ bí ẹni ń wá òwú, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó jáde.

Tata Chadia ni Wassiou rán ní alárinà. Àbúrò baba Wassiou ni, obìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé obì jáde. Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Ọ̀rọ̀ ò lọ́jú pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí baba Kaoussara, inú wọn dùn pé ẹnì kan tún ń béèrè rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá Wassiou ni iṣẹ́ wà.

Wọ́n pe Kaoussara wá síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyá Wassiou kì í ṣe òǹrorò èèyàn. Ó fún un lómi, ó béèrè àlàáfíà ara, ó yin ìránṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé bí ìyàwó bá dé, àwọn obìnrin ilé ọkọ ló ń tú ẹrù rẹ̀ wò ní gbangba, láti orí abọ́ dórí ẹní. Àwọn àgbà ìlú sì ní ẹrù tó ti gbé ilé ọkọ kan kì í wọ ilé ọkọ mìíràn, nítorí ìjà tó tú ilé ibẹ̀ á tẹ̀ lé e wá.

"Mi ò ní kí ọmọ mi má fẹ́ ọ," ni ìyá wí. "Ṣùgbọ́n ohun tó ti sùn nílé ọkùnrin kan kò ní sùn nílé mi. Tuntun ni kó o gbé wá, gbogbo rẹ̀. Wassiou á rà á, àwa la sì máa tú u wò."

Kaoussara kò wo ìyá. Ojú Wassiou tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ó ń dúró dè é pé kó sọ gbólóhùn kan, ì báà jẹ́ kékeré, pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká wò ó." Wassiou tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

"C'est bon, Màmá, ó dára bẹ́ẹ̀," ló ní.

Kì í ṣe nítorí ayọ́ọ̀nù àti abọ́ tánganran ni ọkàn rẹ̀ fi bàjẹ́ bó ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ohun tó ń bi ara rẹ̀ ni pé, bí ẹrù tó ti Bétérou dé kò bá gbọdọ̀ wọlé, òun ńkọ́? Ṣé òun kọ́ ló kọ́kọ́ sùn níbẹ̀? Ibùsùn Wassiou, èyí tí ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ dìde kúrò lórí rẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni ti ní kí wọ́n gbé e síta? Ó fẹ́ kọ̀. Ó tilẹ̀ sọ fún Tata Chadia pé kó dá obì padà.

Tata Chadia jókòó tì í, ó fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ó ní ọkùnrin tó ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀ sàn ju èyí tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní ẹrù lásán ni. "Ọmọ mi, ventilateur kì í bi èèyàn pé ṣé o ti jẹun."

Òótọ́ ni. Ilé tí èèyàn nìkan ń gbé máa ń tutù kódà nígbà ooru. Kaoussara fẹ́ ẹni tí yóò bi í pé ṣé o ti jẹun. Ó gbà. Ó nu gbogbo ohun tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, ó fi aṣọ bò wọ́n bí ẹni bo òkú, ó sì ti ilẹ̀kùn baba rẹ̀ pa.

Lẹ́yìn tí ààfáà ti so yìgì tán, wọ́n gbé ẹrù wọ agboolé ìyá Wassiou. Àwọn obìnrin tú u. Abọ́ ń dán, ìkòkò kò tíì mọ iná. Nígbà tí wọ́n fa abẹ̀bẹ̀ tuntun yọ nínú páálí rẹ̀, funfun balau, ìyá pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹ wò ó, èyí ni wọ́n ń pè ní ẹrù. Kaoussara rẹ́rìn-ín bí ìyàwó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá rí i pé èèyàn lè wà láàárín agboolé kó sì dá wà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá ní ìyàwó tuntun kì í tètè jáde lọ ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sí ẹ̀rọ, kò sí oníbàárà. Kajú ń jábọ́ ní Goro, Wassiou sì ní láti máa sùn lóko. Bó bá wálé, ó ń bi í pé ṣé o ti jẹun, Kaoussara á ní òun ti jẹun. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn wà láàárín wọn, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kò sí bọ́tìnnì tó ń já mọ́. Abẹ̀bẹ̀ tuntun kì í dún rárá, ó kàn ń fẹ́ atẹ́gùn bí ohun tí kò mọ ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró. Ọ̀sán kan ni, Wassiou wà ní Goro. Òórùn ike tó ń jó jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì dákẹ́. Kaoussara tú u, ó rí i pé ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti jó kọjá àtúnṣe. Ìyà ńlá ni èyí jẹ́ fún ìyàwó tuntun. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní ọwọ́ rẹ̀ ni, wọ́n á ní ẹ rí i bí, ohun tuntun gan-an kò lè gbé lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, kò sí ẹni tó lè ké pè.

Lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ àyè pé òun fẹ́ lọ gbá ilé baba òun. Ó gbá a lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí aṣọ lórí abẹ̀bẹ̀ Bétérou, ó tú orí rẹ̀ kúrò lórí ọ̀pá, ó wé e sínú ìró, ó gbé e sísàlẹ̀ agbọ̀n, ó kó aṣọ lé e. Nígbà tó padà dé, ó ti ilẹ̀kùn. Ihò orí àtijọ́ kò bá ihò ọ̀pá tuntun mu, ó gé páànù agolo tòmátì tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi dí àlàfo rẹ̀. Ó fi ike funfun tuntun bò ó, ó tẹ iná.

Abẹ̀bẹ̀ yí orí dé ọ̀dọ̀ fèrèsé, ó dúró díẹ̀, ó ní, "Kọ́."

Kaoussara fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò tíì sí ẹni tó kí i bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti wọ ilé náà.

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Ooru mú ìyá Wassiou, ó wọ yàrá ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá jókòó níwájú abẹ̀bẹ̀, oorun sì gbé e lọ lórí ìjókòó. Nígbà tó jí, ó ní atẹ́gùn yìí dára, kò le jù. Ó ní kí Kaoussara jọ̀ọ́ gbé e wá sí yàrá òun títí òjò yóò fi dé. Kí ni ìyàwó fẹ́ sọ? Ó gbé e lọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ògiri ló ti ń gbọ́ ọ, ìwọ̀nba bí ẹni gbọ́ ohùn ará ilé rẹ̀ láti ilé ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Wassiou dé láti Goro. Ìyá ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá sí yàrá òun, níbi tí atẹ́gùn wà. Wọ́n gbé iyán kalẹ̀. Ìyá ń ròyìn, ó ní ẹ̀yin rí ohun tuntun bó ṣe rí, òun kọ́ ni òun sọ ọ́? Wassiou bu òkèlè. Abẹ̀bẹ̀ yí dé ọ̀dọ̀ ògiri.

"Kọ́."

Ọwọ́ Wassiou dúró lójú afẹ́fẹ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó yí ojú sí Kaoussara, Kaoussara sì rí i pé ó ti mọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ń retí. Wassiou sọ òkèlè padà sínú abọ́, ó wẹ ọwọ́, ó ní òun ń bọ̀. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ṣáná sí alùpùpù lójúde.

Kaoussara kó abọ́. Bí ó ti ń fọ̀ wọ́n, ó mọ̀ pé òun kò tíì dá wà tó báyìí rí, kódà lójú ọ̀nà Bétérou. Ó tún ti wo bàtà rẹ̀, ló ń sọ nínú ara rẹ̀. Ó tún ti wo bàtà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ibi tó tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ilé baba rẹ̀ sí.

Kò rí i níbẹ̀, nítorí Wassiou ti mú un.

Oòrùn ń lọ sílẹ̀ nígbà tí alùpùpù padà wọ agboolé, níwájú gbogbo obìnrin tó jókòó ń bó kajú. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló dì sẹ́yìn, rédíò wà lórí rẹ̀, ayọ́ọ̀nù rọ̀ lọ́wọ́ alùpùpù, abọ́ tánganran tí wọ́n ti lẹ̀ lábẹ́ wà níwájú rẹ̀. Ìyá jáde. Ó béèrè pé kí nìyí.

"Ẹrù ìyàwó mi ni, Màmá." Kò wo ilẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Èmi náà ti gbé pẹ̀lú obìnrin mìíràn rí, ẹ ò ní kí wọ́n sun ibùsùn mi. Ọjọ́ tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kí n ti fèsì. Ẹ̀rù bà mí."

Kaoussara mọ̀ pé òun lè dákẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, kí ọkọ rẹ̀ gba gbogbo rẹ̀ rù. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa ru ẹrù mọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ventilateur tuntun ti jó. Èyí tí ẹ̀ ń gbádùn yẹn, ike rẹ̀ nìkan ni tuntun. Bétérou lorí rẹ̀ ti wá. Èmi àti baba mi la tún un ṣe."

Ìyá wò ó títí. Kò bú u. Ó yí padà, ó wọ yàrá rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe pa abẹ̀bẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn.

Kò sí ẹni tó jẹun pọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wassiou kó ẹrù wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ibi tí yóò gbé e sí. Nígbà tí wọ́n kó o tán, ó bọ́ ẹ̀wù, Kaoussara sì rí i pé bọ́tìnnì kan ti já lọ́rùn. Lọ́tẹ̀ yìí, okùn rẹ̀ kò mọ́ lẹ́nu. Ẹrù ló fà á já lójú ọ̀nà.

Láàárọ̀, Wassiou padà sí Goro, kajú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kaoussara kí ìyá láti ẹnu ilẹ̀kùn, ìyá dáhùn láti inú, kò jáde. Àwọn obìnrin agboolé ń kọjá bí ẹni kò rí i. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán nǹkan kan tí kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa dilẹ̀. Oòrùn gòkè dé àtàrí. Ooru dé, ó jókòó sórí ilé.

Nígbà náà ló gbọ́ ọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyá tó ṣì wà ní títì. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kó lè gbọ́ dáadáa. Atẹ́gùn ń fẹ́ nínú yàrá yẹn. Ó yí lọ, ó dúró díẹ̀.

"Kọ́."

Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí tí ì bá sọ ọ́ fún. Kaoussara tẹ́tí títí ó fi dún lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.